Iná ‘ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì’: ẹ má bò ó lójú, ẹ bi í léèrè ohun tó rí

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa bi ara wọn pé kí ló kan ojú ewé ìlera àti ìtọ́jú ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọkọ̀ la fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé, òun la fi ń gbé aláboyún lọ sọ́sibítù, òun náà la fi ń gbé màmá àgbà lọ síbi ìnáwó. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíláàsì máa ń wà ní títì nítorí òjò tàbí eruku, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sì ń mí sínú. Ohun tó bá bá afẹ́fẹ́ yẹn jẹ́, ara wa ló ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná kékeré kan tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ‘ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì’.

Ẹ mọ iná tí mò ń wí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọsàn tó pọ́n. Nínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí i, nínú òmíràn, wọ́n kọ ‘CHECK’ sí i. Ó lè tàn lónìí kí ọkọ̀ ṣì máa lọ geere, kò gbọ̀n, kò rú èéfín, kò dá ẹnikẹ́ni dúró lọ́nà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa máa fojú di í. Èmi náà fojú di í, mo sì fẹ́ sọ ohun tójú mi rí fún yín, kí ẹlòmíràn má baà rí irú rẹ̀.

Ní ọdún 2018, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, iná yìí tàn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú ọkọ̀. Kò yẹ ohunkóhun wò tó fi sọ pé, “Màmá, ẹ má dá iná yẹn lóhùn jàre. Kátálíìsì tó wà lára sáléńsà yín ló ti dí. Ẹ jẹ́ n yọ ọ́ dànù, ọkọ̀ yín á máa sáré bí ẹṣin.” Ó yọ ọ́ lóòótọ́, wẹ́dà jó páìpù lásán sí àyè rẹ̀, mẹkáníìkì tún kó owó díẹ̀ lé wa lọ́wọ́, torí pé àwọn kan wà tó ń ra kátálíìsì àlòkù nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Inú wa dùn. A ṣe bí ẹni pé a jèrè.

Ṣùgbọ́n iná yẹn ò kú. Wọ́n pa á rẹ́, ó tún tàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí a padà lọ, mẹkáníìkì pe rìwáyà kan, wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi téèpù dúdú bo ojú iná náà látinú. A wakọ̀ lọ sílé. A ò rí iná mọ́, ọkàn wa sì balẹ̀.

Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. A ń bọ̀ láti Èkó, a ń lọ sílé wa n’Ìbàdàn. Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe nígbà náà, òjò sì ń rọ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró fún ohun tó lé ní wákàtí méjì. A ti gbogbo gíláàsì, a tan AC. Àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ sọ pé, “Mọ́mì, orí ń fọ́ mi.” Mo ní kó gbórí lé itan àbúrò rẹ̀ kó sùn. Àbúrò ti sùn tipẹ́, mo rò pé oorun òjò ni. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi náà, èébì ń gbé mi. Ẹ̀gbọ́n bì sára. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn láti jí àbúrò kó lè sún kúrò níbi èébì, ọmọ ò jí. Mo gbọ̀n ọ́n, ó la ojú díẹ̀, ojú náà ń yí, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa.

Bàbá wọn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a gbé wọn sínú òjò. A dúró síbẹ̀ tí a ń pe orúkọ ọmọ. Nígbà tó ké, mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. A ká gíláàsì sílẹ̀ pátápátá, a wakọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọsibítù tó sún mọ́ wa jù. Dókítà tó gbà wá bi wá pé, “Ṣé ẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí yàrá ni?” A ní rárá, inú ọkọ̀ la ti ń bọ̀. Ó mi orí, ó ní kí wọ́n lọ gbé ọ́síjìn wá.

Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn gbé ọkọ̀ náà sókè lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ibi tí wẹ́dà jó hàn wá. Ó ti la ẹnu. Rọ́bà tó yí ẹnu búùtù ká náà ti ya. Èéfín ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń gba ibi yíya yẹn wọlé, ó sì jẹ́ èéfín tí ohunkóhun ò fọ̀ mọ́, níwọ̀n bí a ti yọ ohun tó ń fọ̀ ọ́ tà. Ó ti ẹ̀rọ síkánà bọ ọkọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló jáde: P0420. Nọ́ńbà tó ń sọ̀rọ̀ kátálíìsì ni. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni iná náà fi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ téèpù. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn o. Ohun tó mọ̀ ni pé èéfín tó ń jáde lára ọkọ̀ yẹn kò mọ́ mọ́. Ìyẹn náà sì ló yẹ ká gbọ́.

Torí ta ni wọ́n ṣe fi iná náà síbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe fi iná yìí sínú ọkọ̀. Nítorí èémí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kùrukùru kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìlú láti àwọn ọdún 1940. Ó ń ta ènìyàn lójú, ó ń mú kí èémí ṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Arie Haagen-Smit ṣàlàyé pé èéfín ọkọ̀ àti ti iléeṣẹ́ ìfọpo ni, pé bí oòrùn bá pa á ló ń di kùrukùru yẹn. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le sí i. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kátálíìsì sí káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 1988, California ní kí ọkọ̀ tuntun ní kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣọ́ àwọn nǹkan tó ń dín èéfín kù, kó sì tan iná fún awakọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá bà jẹ́. Nígbà tó di 1996, ó ti di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí ihò tí wọ́n ń ti síkánà bọ̀ jẹ́ irú kan náà lára gbogbo ọkọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tẹ̀ lé wọn ní 2001 fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù, àti ní 2004 fún oní-dísẹ̀ẹ̀lì.

Ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Òfin àwọn òyìnbó kò bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n iná náà bá a wá, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa. Bí a bá wá bò ó lójú, ìlera ara wa la bò lójú.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri ara ẹ́ńjìnnì tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ọ̀kan ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, òmíràn ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, àwọn mìíràn ń tọ́ èéfín wò. Lára sáléńsà, sẹ́ńsọ̀ kan wà ṣáájú kátálíìsì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohun tí àwọn méjèèjì ń rí bá jọra, kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé èyí tó wà láàárín wọn kò ṣiṣẹ́ tàbí pé kò sí níbẹ̀. Á wá tọ́jú nọ́ńbà kan pa mọ́, á sì tan iná.

Gáàsì tí kò ní òórùn

Kátálíìsì tó bá gbóná dáadáa tí kò sì bà jẹ́ lè sọ èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì inú èéfín di gáàsì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì yìí kan náà ló ń pa àwọn ẹbí tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá sùn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ṣùgbọ́n gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó dà bí ìgbà tí àwọn kan bá wọ dánfó, tí wọ́n gba gbogbo ìjókòó, tí wọ́n sì kọ̀ tí wọn ò bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kankan. Ọ̀nà wo lèrò mìíràn á gbà wọlé?

Ẹ fọkàn sí àwọn àmì rẹ̀: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀, oorun tí kò nídìí, kí ènìyàn máa sọ̀sọkúsọ. Ó rọrùn láti pè é ní ibà tàbí àárẹ̀ ọ̀nà. Ohun méjì ló lè jẹ́ kí ẹ fura. Àkọ́kọ́ ni pé ó máa ń mú èyí tó ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀ kan náà. Èkejì ni pé ara máa ń fúyẹ́ bí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, tó sì tún máa ń padà bí wọ́n bá tún wọlé. Ó tètè máa ń mú ọmọdé torí wọ́n ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ó sì léwu gan-an fún oyún inú.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé gbogbo ènìyàn bọ́ síta síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ sì sáré lọ sọ́sibítù bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, kódà bó bá ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní mílíìkì. Wọn kì í lé gáàsì yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò là dáadáa, ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ́síjìn ni ìwòsàn rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì gáàsì náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn pọ́ńbélé sí ènìyàn nímú nílé ìwòsàn, kì í sábà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ.

Bí iná bá tàn, kí lẹ máa ṣe?

Ẹ má jáyà, ẹ má sì fojú di í. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì kì í pupa. Èyí tó bá pupa tó dà bí agolo epo, ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó bá pupa tó ń sọ pé ọkọ̀ ti gbóná jù, ti omi ni. Àwọn méjèèjì yìí ń sọ pé kí ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pa ọkọ̀, torí ẹ́ńjìnnì lè kú pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti gbígbóná, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù. Omi gbígbóná ibẹ̀ ti bó ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì dúró ṣinṣin ni tàbí ó ń ṣẹ́jú. Bó bá dúró ṣinṣin, tí ọkọ̀ kò gbọ̀n, tí kò gbóná, tí kò rùn epo, ẹ lè rọra wà á délé tàbí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má sọ ọ́ di ti oṣù tó ń bọ̀ ṣáá. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìyẹn ni pé sílíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ, epo tútù sì ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì, ibẹ̀ ló ti ń jó. Kátálíìsì lè gbóná débi tí yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ẹ dín eré kù, ẹ wá ibi tó láàbò dúró sí, ẹ má sì gbé ọkọ̀ sórí koríko gbígbẹ, torí ó lè gbaná. Ó sàn kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Bí kò bá ṣẹ́jú, ẹ wo ìdérí táǹkì epo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ ilé epo kò bá dé e dáadáa, tàbí bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya, atẹ́gùn epo á máa sá jáde, kọ̀ǹpútà á sì tan iná. Ẹ dé e kó le dáadáa, kí ẹ máa wa ọkọ̀ yín. Bó bá jẹ́ òun ni, iná náà á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ́ńjìnnì ni? Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fi omi tó le da ojú ẹ́ńjìnnì, omi á sì wọ ibi tí pulọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì wà. Ṣé ilé epo tí ẹ kì í dé lẹ ti rà á? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì pariwo pé ọkọ̀ àwọn bà jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Ṣé mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa sọ ohun tí ẹ jẹ fún dókítà.

Ẹ ka nọ́ńbà kí ẹ tó náwó

Iná yìí kò sọ irú àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀. Ó kàn ń sọ pé ara ọkọ̀ gbóná ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara gbígbóná lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ táífọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ egbò tó kẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rọ̀ yín nínú ojú ewé yìí pé kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn ibà mì. Bákan náà lọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan kó tó ti síkánà bọ̀ ọ́. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí sítẹ́ẹ̀rìnnì. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà báyìí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, tí ẹ lè tì bọ ihò yìí fúnra yín, tí yóò sì máa fi nọ́ńbà hàn yín lórí fóònù. Ilé tó bá ní ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, kò burú kó ní in.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. P0420 ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó. P0301 ń sọ pé sílíńdà àkọ́kọ́ kò jó epo dáadáa, P0302 ń sọ ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù fún epo tó ń wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí àdúgbò ni, kò tọ́ka sí ilé. P0171 lè jẹ́ rọ́bà tó ya, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti ń rẹ̀. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà tán tó ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ bi í pé, “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?” Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ọ̀pọ̀ wọn ló wà, inú wọn sì máa ń dùn sí oníbàárà tó ń béèrè.

Àpẹẹrẹ kan rèé tó ti dín owó kù fún mi. Nígbà tí P0301 jáde lára ọkọ̀ tí a ń lò báyìí, mẹkáníìkì wa tuntun kò rán mi lọ sí ọjà. Ó yọ kọ́ìlì sílíńdà àkọ́kọ́, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti èkejì, ó pa nọ́ńbà rẹ́, ó sì wa ọkọ̀ lọ sí ìgboro. Nígbà tó dé, P0302 ló jáde. Ìyẹn ni pé kọ́ìlì yẹn ló gbé àìsàn rẹ̀ dání. Ẹyọ kan ṣoṣo la rà. Ká ní nọ́ńbà kò kúrò lójú kan ni, à bá mọ̀ pé kọ́ìlì ò mọwọ́mẹsẹ̀, à bá wo pulọ́ọ̀gì àti àwọn nǹkan mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn méjì

Ẹ̀tàn kan ni kí wọ́n yọ orí bátìrì díẹ̀ tàbí kí wọ́n fi síkánà pa nọ́ńbà rẹ́, kí wọ́n sì ní ọkọ̀ ti dára. Iná náà á kú lóòótọ́. Bí ohun tó tàn án bá ṣì wà níbẹ̀, yóò padà tàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ ní kí oní-síkánà wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí gbogbo àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á nídìí rẹ̀.

Ẹ̀tàn kejì ni èyí tí wọ́n ṣe fún wa. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kí ẹ má tíì ṣáná sí ọkọ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ẹ bá ṣáná tán, ó yẹ kó kú. Bó bá jẹ́ pé kò tilẹ̀ tàn rárá, ó lè jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ti jó, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti bò ó tàbí ó ti gé wáyà rẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má ra ọkọ̀ náà kí ẹ tó mọ̀dí.

Ohun ìkẹyìn ni kátálíìsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ ọ́ tà, ẹ bi í pé kí ni yóò máa fọ èéfín mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá bà jẹ́ lóòótọ́, ẹ wá òmíràn sí i, kí ẹ sì tún wá ohun tó bà á jẹ́, torí pulọ́ọ̀gì tí kò jó epo dáadáa máa ń pa tuntun náà. Ẹ ní kí wọ́n máa yẹ sáléńsà wò látòkèdélẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ wo rọ́bà búùtù àti ihò abẹ́ ọkọ̀. Bí kátálíìsì yín bá tilẹ̀ dára, ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tó ní ilẹ̀kùn títì. Kátálíìsì tútù kì í ṣiṣẹ́, gáàsì á sì kún ibẹ̀ kíákíá.

A ti ta ọkọ̀ yẹn. A kọ́kọ́ ra kátálíìsì sí i, a tún gbogbo rẹ̀ ṣe, a sì yọ téèpù náà níwájú ẹni tó rà á. Àbúrò tí mo wí ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Iwájú ló máa ń jókòó. Ní àràárọ̀, bí bàbá rẹ̀ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, á tẹ orí sí dáṣíbọ́ọ̀dù, á ní, “Dádì, ó ti tàn.” Bí ẹ́ńjìnnì bá gbéra, á ní, “Ó ti kú.” Ìgbà náà la tó ń jáde nílé.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó gbé ọmọ lọ síléèwé lọ́la, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wò ó. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó tún jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o.